Ọ̀rọ̀ Méjì Lórí Ìrántí Kan

Driver ni mo ń kọ jẹun, ìyẹn àwọn ètò tó ń jíṣẹ́ láàárín Linux àti ẹ̀rọ tí a so mọ́ kọ̀ǹpútà. Nínú iṣẹ́ yìí, ìkìlọ̀ kan wà tí mo kà sí ọ̀rọ̀ ìwà ju ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ lọ: ẹ má ṣe lo irú cache méjì tó takora lórí ìrántí kan ṣoṣo.

RAM, ìyẹn ìrántí náà, jìnnà sí CPU. Nítorí náà, CPU máa ń ṣe ẹ̀dà ohun tó bá kà sínú cache tó wà nítòsí rẹ̀, báìtì 64 lẹ́ẹ̀kan lórí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹ̀rọ òde òní. Bó bá yí ẹ̀dà náà padà, ó lè pẹ́ kó tó dá a padà sí RAM. Write-back nìyẹn. Bó bá wá ṣe pé káàdì àwòrán ń lo RAM kan náà láìgba ọ̀dọ̀ CPU kọjá, a lè sọ fún CPU pé kó má tọ́jú ẹ̀dà kankan. Uncached nìyẹn. Inú page table, ìyẹn àtẹ tó ń sọ ibi tí àdírẹ́sì kọ̀ọ̀kan já sí nínú RAM, ni a ń kọ irú tí a fẹ́ sí, fún ojú-ewé (ìpín RAM) kọ̀ọ̀kan.

Ohun tó gbà mí lọ́kàn ni pé RAM fúnra rẹ̀ kò mọ irú tí òun jẹ́. Kò sí àmì kankan lára rẹ̀. Bí àdírẹ́sì méjì bá já sí ojú-ewé kan, tí ọ̀kan pè é ní write-back, tí èkejì pè é ní uncached, o ò lè lọ wo ojú-ewé náà kí o fi mọ ẹni tó jàre. Wọ́n kọ́ wa pé òtítọ́ ni kí ọ̀rọ̀ ẹni bá ohun tó wà mu. Kí wá ni ká ṣe níbi tí ohun tó wà kò ti lè jẹ́rìí? Mo gbà pé àdéhùn ni òtítọ́ níbẹ̀: ọ̀rọ̀ mi gbọ́dọ̀ bá èyí tí ẹlòmíràn ti sọ ṣáájú mi mu.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2002, àwọn kọ̀ǹpútà kan tó ń lo Linux pẹ̀lú CPU Athlon àti káàdì àwòrán tí a fi sí ihò AGP ń dákú lójijì. CPU ni ọ̀pọ̀ èèyàn kọ́kọ́ dá lẹ́bi. Àlàyé tí AMD, tó ṣe Athlon, mú wá yàtọ̀. Kernel, ìyẹn ọkàn Linux, ti to RAM sí ojú-ewé ńláńlá, mẹ́gábáìtì 4 lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì pe gbogbo rẹ̀ ní ohun tó ṣe é fi sínú cache. Díẹ̀ nínú RAM yẹn kan náà wà lọ́wọ́ AGP, lábẹ́ àdírẹ́sì mìíràn, gẹ́gẹ́ bí ohun tí kò gbọdọ̀ wọ cache. CPU sì máa ń méfò iṣẹ́ tó ń bọ̀ kó lè yára. Ó méfò pé òun máa kọ nǹkan síbẹ̀, ó fa ẹ̀dà wọ cache, ó sàmì sí i pé ó ti yí padà. Ìméfò náà kò ṣẹ, ṣùgbọ́n àmì náà kò kúrò. Nígbà tó yá, ó dá ẹ̀dà àtijọ́ padà sí RAM, ó sì bo ohun tuntun tó wà níbẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ta ló purọ́ nínú wọn? Mi ò rí ẹnì kan. Kernel sọ ohun tó tọ́ nípa RAM, AGP sọ ohun tó yẹ káàdì rẹ̀, CPU ṣe ohun tí wọ́n yọ̀ǹda fún un. Síbẹ̀ nǹkan bàjẹ́. Ẹni tó sọ̀rọ̀ kejì láìbéèrè ohun tí wọ́n ti sọ ni mo dá lẹ́bi, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé nígbà náà kò sí ibi tí ì bá ti béèrè. Ọdún 2008, nínú Linux 2.6.26, ni kernel bẹ̀rẹ̀ sí í ní àkọsílẹ̀ irú tí a ti fún àyè kọ̀ọ̀kan lórí àwọn ẹ̀rọ x86. Ẹni tó bá dé lẹ́yìn, yálà kó gba irú ti àkọ́kọ́, tàbí kí kernel kọ̀ fún un. Mo ka àkọsílẹ̀ yẹn sí ohun iyì.

Lórí ARM, kò sí irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ibẹ̀ ni àbúrò kan tí a jọ ń ṣe driver kámẹ́rà ti fi àdírẹ́sì méjì tí irú wọn takora sórí ìrántí kan, tó sì sọ fún mi pé, "Ẹ̀gbọ́n, ó kúkú ń ṣiṣẹ́." Òótọ́ ni, àwòrán ń jáde. Ṣùgbọ́n ìwé àwọn tó ṣe ẹ̀rọ náà fúnra wọn sọ pé bí irú méjì bá takora báyìí, ohun tí ọ̀kan kọ lè má hàn sí èkejì. "Ó ń ṣiṣẹ́" ń jẹ́rìí sí ohun tí ojú rí, inú cache sì rèé, ojú wa kò tó o. Èmi kò gbà pé ìṣe kan di rere nítorí pé ibi rẹ̀ kò tíì yọjú, pàápàá nígbà tí ẹni tó máa jìyà rẹ̀ kò sí níbi tí a ti ń pinnu. Ẹni yẹn á rí àwòrán tó ya wẹ́lẹwẹ̀lẹ, á rò pé RAM òun ló bàjẹ́, á sanwó ra òmíràn, àìsàn náà kò sì ní lọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí àbúrò mi tú ọ̀kan nínú àdírẹ́sì méjèèjì palẹ̀ kí iṣẹ́ náà tó kúrò lọ́wọ́ wa.