Òkè Tí Ẹnikẹ́ni Kò Gbọdọ̀ Gùn

Òkè gíga máa ń mú owó wá. Orílẹ̀-èdè Nepal ń gba owó gọbọi lọ́wọ́ àwọn àlejò tó fẹ́ gun òkè Everest. Ṣùgbọ́n Bhutan, orílẹ̀-èdè kékeré olókè tó wà láàárín Íńdíà àti Ṣáínà, kọ irú owó bẹ́ẹ̀. Òkè Gangkhar Puensum wà níbẹ̀. Gíga rẹ̀ tó mítà 7,570, kò sì sí ẹni tó tíì dé ṣóńṣó rẹ̀. Ní ọdún 1994, ìjọba Bhutan ka gígun òkè tó ga ju mítà 6,000 lọ léèwọ̀, nítorí ìgbàgbọ́ àwọn ará ibẹ̀ ni pé ibùgbé ẹ̀mí mímọ́ ni orí òkè.

Ṣé ìwà òmùgọ̀ ni kí ẹni tí kò lówó kọ owó? Lójú tèmi, ohun tí ènìyàn kọ̀ láti tà ni a fi ń mọ ohun tó kà sí iyì. Òfin ìpìlẹ̀ Bhutan ti ọdún 2008 sọ pé ìdá 60 nínú 100 ilẹ̀ náà, ó kéré tán, gbọ́dọ̀ jẹ́ igbó títí láé. Wọ́n ń tọ́jú ogún àwọn ọmọ tí a kò tíì bí.

Síbẹ̀, orílẹ̀-èdè tó ṣàánú igi yìí kò ṣàánú gbogbo ènìyàn rẹ̀. Ní ọdún 1989, ìjọba pàṣẹ irú aṣọ kan ṣoṣo fún gbogbo ará ìlú, wọ́n sì yọ èdè Nepali kúrò nínú ẹ̀kọ́ ilé-ìwé. Àwọn Lhotshampa, tó ń sọ èdè náà ní gúúsù, fẹ̀hónú hàn. Láàárín ọdún díẹ̀, nǹkan bí 100,000 nínú wọn ti di ẹni tó ń gbé àgọ́ ogunléndé ní Nepal.

Àwọn kan lè sọ pé bí orílẹ̀-èdè kékeré kò bá di àṣà rẹ̀ mú, àwọn aládùúgbò ńlá yóò gbé e mì. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí Bhutan fi òkè rẹ̀ sílẹ̀, ara rẹ̀ ló kó ní ìjánu, òun fúnra rẹ̀ ló sì san owó iyì náà. Nígbà tó fi dandan mú ènìyàn nítorí aṣọ àti èdè, ẹlòmíràn ló sanwó rẹ̀. Ti àkọ́kọ́ yẹ ní yíyangàn. Ìnira ni èkejì.

Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Orílẹ̀-èdè tó bá gé lára ọwọ́ rẹ̀ sọnù, kí ni yóò fi sọ̀yà?