Ṣé Ohun Tí Google Ò Rí Kò Sí Ni?

Ìpolówó ọjà la fẹ́ kọ àpilẹ̀kọ wa lé lórí: bí àwọn ìyá ìlú wa ṣe ń polówó ẹ̀kọ, mọ́ínmọ́ín àti àgbàdo kiri àdúgbò. A tẹ̀ ẹ́ sí Google Scholar, a wo ojú ewé kìíní, a wo ìkejì. A rí iṣẹ́ lórí ìpolówó lápapọ̀, a ò rí ti ìlú wa. Ló bá di pé a kọ ọ́ sí orí kejì pé, "Kò tíì sí ẹni tó ṣiṣẹ́ lórí kókó yìí." Gbogbo ẹ̀ ò gbà ju ogún ìṣẹ́jú lọ.

Ọ̀gá tó ń bójú tó iṣẹ́ wa kà á, wọn ò bínú. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n bi wá: "Níbo lẹ wá a dé?" Wọ́n ní ká lọ sí yàrá ìkàwé ẹ̀ka wa. Màmá tó wà níbẹ̀ ò tan kọ̀ǹpútà kankan. Wọ́n nawọ́ sí orí pẹpẹ, wọ́n gbọn eruku, wọ́n kó àpilẹ̀kọ méjì lé wa lọ́wọ́. Ọ̀kan ti wà kí wọ́n tó bí èyíkéyìí nínú wa, ìpolówó ọjà ìlú wa gan-an ló sì dá lé.

Ojú tì wá. Ọ̀rẹ́ wa kan ní àìmọ̀ kì í ṣe irọ́. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n a rò ó títí, a rí i pé irọ́ wà níbẹ̀ o. "A ò rí i" àti "kò sí" kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan náà. Ẹni tó ní "kò sí" ń búra pé òun ti wá gbogbo ibi dé. Àwa ò sì wá kọjá ibi tí ìka wa tó lórí fóònù.

Báwo tiẹ̀ ni Google ṣe ń yan ohun tó máa kọ́kọ́ gbé wá? Ní 1998, nígbà tí Larry Page àti Sergey Brin ṣì wà ní Yunifásítì Stanford, wọ́n ṣàlàyé ọgbọ́n tí wọ́n dá: ojú ewé tí àwọn ojú ewé mìíràn ń tọ́ka sí ni kí a kà sí pàtàkì. Google Scholar, tó dé ní 2004, náà máa ń wo iye ìgbà tí àwọn onímọ̀ ti tọ́ka sí iṣẹ́ kan. Ohun tí wọ́n ń tọ́ka sí là ń rí. Ohun tí a bá rí la tún ń tọ́ka sí. Ẹni tó ní là ń fi kún tirẹ̀. Àpilẹ̀kọ tó wà lórí pẹpẹ, tí ẹnikẹ́ni ò gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì, kò tiẹ̀ sí nínú eré ìje yẹn rárá.

Èdè wa tún ní wàhálà tirẹ̀. Tẹ "ogun" láìfi àmì sí i: ogun tí wọ́n ń jà, Ògún onírin, ogún tí bàbá fi sílẹ̀, odò Ògùn, gbogbo wọn lè dà pọ̀ mọ́ra.

A ò bú íntánẹ́ẹ̀tì o. Lónìí, akẹ́kọ̀ọ́ lè wà lórí bẹ́ẹ̀dì ní Adó-Èkìtì láàárín òru kó máa ka iṣẹ́ tí wọ́n ṣe ní Jámánì. Oore ńlá ni. Àmọ́ àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Google láṣọ lóòótọ́. Àkísà wa ṣì wà lórí pẹpẹ, nínú àpótí, àti lẹ́nu àwọn ìyá ọlọ́jà.

Kí wá ni ojúṣe ẹni tó ń ṣèwádìí? Kò sẹ́ni tó lè rí gbogbo nǹkan. Lérò tiwa, kó ṣáà sọ ibi tó wá a dé: ọ̀rọ̀ tó tẹ̀, ọjọ́ tó tẹ̀ ẹ́, yàrá ìkàwé tó wọ̀, àwọn tó bi léèrè. Ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn á lè bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀.

A pa gbólóhùn wa rẹ́. A kọ ọ́ pé, "Níbi tí a wá a dé, iṣẹ́ méjì la rí," a sì dárúkọ àwọn tó ṣe é. Iṣẹ́ wa ò jẹ́ àkọ́kọ́ mọ́. Ó dùn wá díẹ̀. Ṣùgbọ́n a ti wá mọ ẹni tí à ń bá sọ̀rọ̀.

Ẹ̀yin ńkọ́? Níbo lẹ wá a dé?