Àdúrà Orí Òkè, Ìwà Ìsàlẹ̀

Wọ́n ní òkè 41 ló yí Dassa-Zoumè ká, ìlú tí àwọn ọmọ ibẹ̀ ń pè ní Igbó Ìdààṣà, ní àárín gbùngbùn ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Láyé tí ogun Dàhómì ń kó èèyàn lẹ́rú, orí àpáta wọ̀nyí ni àwọn Ìdààṣà ń sá lọ. Ní irú ibi bẹ́ẹ̀, ẹni tí kò bá lè pa ẹnu mọ́ á kó gbogbo ilé sí wàhálà.

Lónìí, Ọlọ́run ni àwọn èèyàn ń wá lọ síbẹ̀. Láti 1954 ni ìjọ Kátólíìkì ti ya ihò àpáta kan sọ́tọ̀ níbẹ̀ fún Màríà Wúńdíá, tí wọ́n ń pè ní Notre-Dame d'Arigbo. Bí oṣù Kẹjọ bá dé, ogunlọ́gọ̀ èrò á ya wọ ìlú. Ariwo ìgbà yẹn kì í ṣe kékeré: ọkọ̀, orin, ọlọ́jà. N kò bá wọn jà. Bí àjọ̀dún ṣe ń rí nìyẹn. Ẹni tó lọ lọ́jọ́ tí kò sí èrò, tó dá jókòó síwájú àpáta náà pẹ̀lú rosárì lọ́wọ́, ni ọ̀rọ̀ mi dá lé. Kí ni ìjókòó yẹn ń ṣe fún ìwà rẹ̀?

Ìdákẹ́jẹ́ kì í ṣe ohun àjèjì sí wa. Àgbà tó jí ní ìdájí, kó tó kí ẹnikẹ́ni, á fọwọ́ kan orí, á bá orí rẹ̀ sọ̀rọ̀. Mùsùlùmí tó wọ Ìtíkáàfì ní ọjọ́ mẹ́wàá ìparí Ràmàdáánì á pa òwò tì, á jókòó sí mọ́sáláṣí. Wándé Abímbọ́lá, onímọ̀ Ifá, kọ̀wé lórí ìwàpẹ̀lẹ̀ nínú ẹsẹ Ifá ní 1975. Ìwàpẹ̀lẹ̀ ọ̀hún kò lè bá ìwàdùwàdù gbé. Ẹni tí kò lè jókòó díẹ̀ láìwo fóònù, níbo ni yóò ti ráyè yẹ ọ̀rọ̀ wò kó tó sọ ọ́ jáde? Òun náà ni yóò bú ìyá ọlọ́mọ lójú títì, tí yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í kábàámọ̀ nígbà tó bá délé.

Síbẹ̀, mo ti rí ìdákẹ́jẹ́ tó jẹ́ ìsápamọ́ lásán. Gbèsè ń bẹ lọ́rùn bàbá kan, kò tíì san owó ilé ìwé ọmọ, ó gba orí òkè lọ fún ọjọ́ méje, ó pa fóònù. Ẹ̀yin ará Nàìjíríà tí ẹ ní orí òkè lọ́tùn-ún lósì, ẹ mọ irú wọn dáadáa. Ìyàwó ló dúró ti olówó lẹ́nu ọ̀nà. Ọmọlúàbí kì í fi Ọlọ́run bo ojú ẹni tó jẹ lówó. Ìwé Mátíù, orí karùn-ún, pàápàá sọ pé kí ẹni tó mú ọrẹ wá síbi pẹpẹ lọ bá arákùnrin rẹ̀ làjà ná, kó tó padà wá fi í rúbọ.

Ìrònú gidi máa ń dárúkọ èèyàn: ta ni mo ṣẹ̀, ta ni mo ṣèlérí fún, ta ni mo rẹ́ jẹ? Bí orúkọ kankan kò bá wá sọ́kàn ẹni láàárín odidi ọjọ́ kan lórí òkè, a jẹ́ pé oorun ló sùn.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń múra àtilọ sí Dassa lóṣù Kẹjọ, nǹkan bí 200 kìlómítà ni láti Kùtọnu. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó wọkọ̀, ẹ kọ́kọ́ pe ẹni tí ẹ jẹ ní gbèsè.