Kànga Tèmi Ni, Omi Ńkọ́?

Ẹ̀yin ọmọ ìyá mi nínú ẹ̀sìn, ìbéèrè kan ni mo fẹ́ kí a jọ gbé yẹ̀ wò: ẹni tí ó fi owó ara rẹ̀ gbẹ́ kànga, ǹjẹ́ ó ní ẹ̀tọ́ láti fi omi rẹ̀ ṣòfò?

Ní ẹ̀ẹ̀rùn kan, mo ń da omi sí ọgbà ẹ̀fọ́ mi ní ọ̀sán gangan, bí ẹni tí odò ń ṣàn lẹ́yìnkùlé rẹ̀. Ọmọbìnrin aládùúgbò wa gbé korobá wọlé, ó kúnlẹ̀, ó ní: "Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá. Màámi ní kí n bẹ̀ yín, kí ẹ fún wa lómi díẹ̀." Mo ju ìfami sí kànga, ẹrẹ̀ ni ó gbé bọ̀. Ojú tì mí. Oòrùn ti fa omi tí ọmọ náà ìbá mu gbẹ, ewédú mi kò sì tutù.

Ṣé kí a pa ọgbà tì ni? Rárá o. Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) kọ́ wa pé ohun tí ènìyàn, ẹyẹ tàbí ẹranko bá jẹ nínú ohun tí Mùsùlùmí gbìn, sàárà ni fún un. Ṣùgbọ́n Ànábì yìí kan náà, Mùdù-Nábì kan ni ó fi ń ṣe àlùwàlá, àní òṣùwọ̀n tí a máa ń fi 4 rẹ̀ wọn jákà ìtúnu ààwẹ̀. Bí ìjọsìn kò bá jẹ́ àwáwí fún ìfiṣòfò, ṣé ti ẹ̀fọ́ ni yóò wá jẹ́ bẹ́ẹ̀?

Ní Mẹ̀dínà, Zubayr àti ará Ànsárì kan ṣe aáwọ̀ lórí omi tí wọ́n fi ń bomi rin igi dàbínù. Ilẹ̀ Zubayr ni omi ń kọ́kọ́ dé. Ànábì ní kí ó bu díẹ̀, kí ó sì jẹ́ kí omi ṣàn lọ sọ́dọ̀ aládùúgbò rẹ̀. Ìgbà tí ọkùnrin náà bínú, tí ó ní nítorí pé Zubayr jẹ́ ìbátan ni, ni Ànábì tó ní kí Zubayr gba ẹ̀tọ́ rẹ̀ pé. Ẹ̀tọ́ wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n inú rere ni a fi ṣáájú rẹ̀.

Nítorí náà, ìdáhùn mi nìyí: mo ní ẹ̀tọ́ láti lò ó, n kò ní ẹ̀tọ́ láti fi í ṣòfò. Lẹ́yìn ìrun Súbùhì ni mo ń bomi rin ọgbà báyìí, kí oòrùn tó mú. Ìdí igi ni mo ń fi bútà da á sí, kì í ṣe orí ewé. Mo fi koríko gbígbẹ bo ebè, kí ọ̀rinrin má bàa tètè lọ. Mo ń ti ìka bọ ilẹ̀ wò; bí ó bá ṣì tutù, mo fi í sílẹ̀, nítorí omi àpọ̀jù a máa ra gbòǹgbò tòmátì. Omi tí a fi ṣan ìrẹsì àti ẹ̀fọ́, ọgbà ni ó ń lọ. Etí ebè ni èmi àti àwọn ọmọ ti ń ṣe àlùwàlá.

Ẹ̀fọ́ wa kò rọ. Korobá ọmọ náà kì í padà lófìfo mọ́. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Kí Ọlọ́hun má jẹ́ kí ìkánsómi omi kan di ẹjọ́ sí wa lọ́rùn ní ọjọ́ Àlùkìyámọ̀. Àmín.