Ìbọn Tó Wọ Àpò

Ọ̀rẹ́ wa kan tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ní Houston, ìpínlẹ̀ Texas, ló dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Aago mọ́kànlá alẹ́ ló máa ń jáde níbi iṣẹ́, ibi tí wọ́n ń gbé mọ́tò sí sì jìnnà sí ẹnu ọ̀nà. Lálẹ́ ọjọ́ kan, ọkùnrin kan tẹ̀ lé e títí ó fi dé ìdí mọ́tò. Kò fọwọ́ kàn án, ṣùgbọ́n ẹ̀rù tó bà á lálẹ́ ọjọ́ náà kò tíì tán lára rẹ̀. Nígbà tí a pàdé lọ́jọ́ Sátidé, ó ní, "Ẹ gbọ́, mo fẹ́ ra ìbọn ìléwọ́. Kékeré ni o, èyí tó máa wọ àpò aṣọ iṣẹ́ mi. Kì í ṣe pé mo fẹ́ pa èèyàn. Mo kàn fẹ́ kí wọ́n fi mí sílẹ̀ ni."

"Kékeré ni o" yẹn ni kò kúrò lọ́kàn wa. A ti gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíì rí, bí ẹni pé bí ìbọn bá ti kéré, ohun tó lè fà náà á kéré. Bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìyẹ. Gbogbo wa la mọ òwe yẹn, àmọ́ tó bá dọ̀rọ̀ ìbọn, a máa ń gbàgbé ẹ̀.

Ká kọ́kọ́ sọ ti òfin. Ní Nàìjíríà, òfin ìbọn ọdún 1959 ka ìbọn ìléwọ́ mọ́ èyí tí ará ìlú lásán kò gbọdọ̀ ní. Ní Texas, láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án ọdún 2021, ọ̀pọ̀ ẹni tó ti pé ọmọ ọdún 21, tí òfin kò ka ìbọn léèwọ̀ fún, lè gbé e pamọ́ sára láìgba ìwé àṣẹ. (Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wá pẹ̀lú físà akẹ́kọ̀ọ́, ẹ má gbọ́ eléyìí kẹ́ ẹ sáré lọ ra ìbọn o. Òfin ìjọba àpapọ̀ kò gbà yín láyè, àfi ní àwọn ọ̀nà díẹ̀ kan.) Ohun tí òfin bá gbà wá láyè láti ṣe, ṣé ó yẹ ká ṣe é? Òfin kò lè bá wa dáhùn ìyẹn.

A bá a dé ìsọ̀. Ọ̀kan tí wọ́n gbé síwájú wa ni Ruger LCP, tó kọ́kọ́ jáde ní 2008. Tí kò bá sí ọta nínú ẹ̀, bíi 270 gíráàmù ló wọ̀n. Ó fi díẹ̀ wúwo ju fóònù ọwọ́ wa lọ ni. Ọta .380 ló ń lò, èyí tí John Browning ṣe ní 1908. Àwọn tí ọta wọn tún kéré sí i wà níbẹ̀: .32, .25, àti .22. Ọ̀rẹ́ wa nawọ́ sí .22. Ó ní ariwo rẹ̀ kò pọ̀, kò sì ní ta òun lọ́wọ́.

Ìbọn .22 ni wọ́n fi pa Robert Kennedy ní 1968. Òun náà ni John Hinckley yìn ní Washington lọ́jọ́ 30 oṣù kẹta ọdún 1981. Ọta mẹ́fà, kò tó ìṣẹ́jú àáyá méjì. Ààrẹ Ronald Reagan ló fẹ́ pa, ṣùgbọ́n ẹ wo àwọn tí ọta bà: James Brady tó jẹ́ agbẹnusọ ààrẹ, lórí, ọlọ́pàá kan, ẹ̀ṣọ́ ààrẹ kan. Èyí tó ba Reagan fúnra rẹ̀, ara mọ́tò ló kọ́kọ́ bà, kó tó ta padà wọ ìhà rẹ̀, ó sì dúró nítòsí ọkàn rẹ̀. Reagan kò tètè mọ̀ pé ìbọn ba òun. Ó rò pé egungun ìhà òun ló kán nígbà tí ẹ̀ṣọ́ tì í sínú mọ́tò. Ó yè é. Brady náà kò kú lọ́jọ́ yẹn, àmọ́ apá kan ara rẹ̀ rọ, nígbà tó sì kú ní 2014, ẹni tó yẹ òkú rẹ̀ wò kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìpànìyàn ni. Ọdún 33 lẹ́yìn ọta tí ariwo rẹ̀ kò pọ̀.

Ṣé ẹ rí i? Ẹni tí ọta kékeré bà lè máà mọ̀ pé ó ba òun. Tó bá jẹ́ ọlọ́ṣà ni, á ṣì máa bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ. Ó lè kú ní ọsibítù lọ́jọ́ kejì, nígbà tó ti ṣe ohun tó fẹ́ ṣe tán. O kò rí ààbò, o sì ti pa èèyàn. Ìdí tá a fi ń sọ pé ìbọn kékeré kì í ṣe ìbọn aláàánú nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ ọta ló wá gùn jù. Oríṣi méjì ló wà lórí tábìlì. Èyí àkọ́kọ́, bàbà ló bo òjé inú rẹ̀, orí rẹ̀ sì rí roboto. Ìkejì ní ihò nímú. Tó bá wọ ẹran ara, ṣe ló máa ń là bí òdòdó. Èyí tó ń là yìí ni ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè fọwọ́ sí ìwé ní The Hague ní 1899 pé àwọn kò ní lò lójú ogun (Amẹ́ríkà kò fọwọ́ sí i). Síbẹ̀ òun ni ọ̀pọ̀ ọlọ́pàá Amẹ́ríkà ń gbé kiri ìgboro. Ìkà gbáà, àbí? Àwa náà kọ́kọ́ sọ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ lójú ogun, ọ̀tá míì ló sábà máa ń wà lẹ́yìn ọ̀tá. Nígboro, ẹni tó wà lẹ́yìn ọlọ́ṣà lè jẹ́ ìyá tó ń gbé ọmọ sínú mọ́tò. Ọta roboto lè gba ara ẹnì kan kọjá kó tún ba ẹlòmíì. Èyí tó là máa ń tètè dúró. Èyí tó burú jù fún ẹni tí a yìn ín fún ló wá sàn jù fún ẹni tó ń kọjá lọ.

Kò tán síbẹ̀. Wọ́n máa ń dán ọta wò nínú jẹ́látìn, ohun kan tó dì bí ẹ̀kọ tútù, FBI sì ní ó gbọ́dọ̀ wọlé tó ínǹṣì 12 ó kéré tán, kó lè dé ibi tó máa dá èèyàn dúró. Ọ̀pá ìbọn àpò kúrú, ẹ̀tù kò ráyè ti ọta kó sáré tó. Torí ẹ̀, ọta .380 tó là dáadáa lè máà wọlé tó; èyí tó wọlé tó lè máà là. Èyí tó o bá mú níbẹ̀, ṣe lo ń pín ewu: díẹ̀ fún ọlọ́ṣà, díẹ̀ fún ara rẹ, díẹ̀ fún ẹni tí o kò rí rí.

Gbogbo ìyẹn, tí ọta bá bà á ni o. Bàbá àgbà ọ̀kan nínú wa jẹ́ ọdẹ, ó sì máa ń sọ pé ohun tó wà lẹ́yìn ẹran ni kéèyàn kọ́kọ́ wò. Ìbọn tó wọ àpò ló ṣòro jù láti yìn kó bà: ìka méjì péré ló gba ìdí rẹ̀ mú, ó máa ń ta sókè lọ́wọ́, ohun tá a fi ń fojú sùn kò ju hóró ìrẹsì lọ. Ẹni tó bá rà á nítorí pé ó fúyẹ́ ti fi ìrọ̀rùn ara rẹ̀ ṣáájú ẹ̀mí ẹni tó ń kọjá. Ilé ìwòsàn tiẹ̀ náà lẹ àkíyèsí mọ́ ẹnu ọ̀nà pé kí ẹnikẹ́ni má gbé ìbọn wọlé. Inú mọ́tò ni yóò máa sùn sí, níbi tí olè ti lè jí i.

Ibi tá a bá a dé rèé tí ọ̀rẹ́ wa fi bínú. "Látàárọ̀ lẹ ti ń sọ̀rọ̀ ẹni tó ń kọjá lọ. Èmi ńkọ́? Ẹ̀yin ọkùnrin, ṣé wọ́n tẹ̀ lé yín dé ìdí mọ́tò rí?"

A dákẹ́. Òótọ́ ló sọ. A kò ní kó má dáàbò bo ara rẹ̀, a ò sì lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí a kò gbà ni kó tìtorí pé òun kò fẹ́ pa èèyàn ra ìbọn kékeré. Tó bá máa gbé e, kó gbé èyí tó lè bá ohun tó yìn, kó sì gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé ohun tó ń pani lòun gbé.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, a jọ lọ síbi tí wọ́n ti ń kọ́ ìbọn yíyìn, tí wọ́n tún ń fi ìbọn háyà. Ó yin ọta mẹ́wàá pẹ̀lú èyí tó kéré; mẹ́ta ló ba bébà. Ó gbé èyí tó tóbi, tó ń lo 9mm, mẹ́jọ bà á. Ṣùgbọ́n ìyẹn kò wọ àpò rárá, ó sì dá méjèèjì padà fún wọn.

Kò tíì sọ fún wa èyí tó máa rà, tàbí bóyá ó máa rà. Ní báyìí, ẹ̀ṣọ́ ilé ìwòsàn ló ń sìn ín dé ìdí mọ́tò, kó ṣáà ti pè wọ́n ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá ṣáájú. Lálẹ́ tí wọn ò bá ráyè, á pe ọ̀kan nínú wa lórí fóònù, á sì máa bá wa sọ̀rọ̀ títí a ó fi gbọ́ tó ti ilẹ̀kùn mọ́tò.