Ojú Kì í Ṣe Òṣùwọ̀n

Bí ìyá oníràìsì kan bá ní kóńgò méjì, tó ń fi ńlá wọ̀n fún ọ̀rẹ́, tó ń fi kékeré wọ̀n fún àlejò, kí ni ẹ ó pè é? Olè ni, àbí? Irú kóńgò méjì bẹ́ẹ̀ ti wà nínú eré kírikẹ́ẹ̀tì rí. Àwọn tó ń fi ọwọ́ yí bọ́ọ̀lù ni wọ́n ń fi kékeré wọ̀n fún.

Òfin ibẹ̀ kò ṣòro. Ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù kò gbọdọ̀ ká ìgbọ̀nwọ́ kí ó tún wá nà án bó ti ń jù ú, bí ẹni ń sọ òkò. Ẹ ṣàkíyèsí o: kí apá ká kọ́ ni ẹ̀ṣẹ̀, nínà rẹ̀ ni.

Muttiah Muralitharan, ọmọ Sri Lanka, kò lè na apá rẹ̀ tán. Bí wọ́n ṣe bí i nìyẹn. Lọ́jọ́ kejì Kérésìmesì ọdún 1995, ní Melbourne, lójú ọ̀pọ̀ èrò, rẹfirí Darrell Hair pè é lẹ́ẹ̀méje pé òkò ló ń sọ. Ojú lásán ló fi dá ẹjọ́ náà. Ní 1996 àwọn onímọ̀ fi kámẹ́rà wò ó, wọ́n ní apá tó ká yẹn ló ń tan ojú jẹ. Síbẹ̀, ní Adelaide ní 1999, rẹfirí mìíràn tún pè é.

Nígbà tó yá, àwọn aláṣẹ bẹ̀rẹ̀ sí í wọn nínà ìgbọ̀nwọ́. Wọ́n fún àwọn tó ń ju bọ́ọ̀lù kíkankíkan ní dígírì 10, wọ́n fún àwọn tó ń yí i ní 5 péré. Ní 2004, oríṣi bọ́ọ̀lù Murali kan tó nǹkan bí 14, wọ́n ní kó má jù ú mọ́. Lọ́dún kan náà, wọ́n wá gbé kámẹ́rà ti àwọn yòókù. Háà! Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máà sí ẹni tí kì í na ìgbọ̀nwọ́ díẹ̀. Àwọn tí a ń yìn pé apá wọn tọ́ gan-an, Glenn McGrath ti Australia wà lára wọn, kọjá 10 tiwọn. Ní 2005, ó di 15 fún tẹrú-tọmọ.

Àwọn kan ní wọ́n ba òfin jẹ́ nítorí ẹnìkan. N ò gbà. Òfin tí gbogbo èèyàn ń rú, àmọ́ tó jẹ́ ẹnìkan là ń pè lólè, ojúsàájú ni, kì í ṣe òfin. Murali fi Test sílẹ̀ ní 2010 pẹ̀lú 800 wíkẹ́ẹ̀tì, kò sì tíì sí ẹni tó bá a. Síbẹ̀, bí wọ́n bá ń dárúkọ rẹ̀, àwọn kan á ní, "Àmọ́ ṣá..." Ta ni yóò san gbèsè orúkọ yẹn?

Lóòótọ́, kò yẹ kí ààlà má sí. Ní 2014, Saeed Ajmal ti Pakistan kọjá 15 dáadáa, wọ́n dá a dúró. Kóńgò tí wọ́n fi wọn ti gbogbo èèyàn ni wọ́n fi wọn tirẹ̀, n ò rí ìrẹ́jẹ níbẹ̀. Ohun tó kù ni pé ojú rẹfirí ló ṣì ń yan ẹni tí wọ́n máa gbé lọ síwájú kámẹ́rà. Ẹni tí ìṣesí rẹ̀ bá yàtọ̀ ni ojú sì máa ń kọ́kọ́ rí. Kóńgò kan ṣoṣo dára. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ẹni tí a fura sí nìkan là ń wọ̀n, kóńgò méjì ṣì ni.