Ohun Tí Àlàpà Kilwa Ń Bi Wá

Ẹ̀yin ará wa nínú ẹ̀sìn, ilé olódi àtijọ́ kan wà ní erékùṣù Kilwa Kisiwani, létí òkun ilẹ̀ Tanzania. Àlàpà rẹ̀ ló kù. Gereza ni wọ́n ń pè é. Ọgbà ẹ̀wọ̀n ni ọ̀rọ̀ yìí túmọ̀ sí ní èdè Swahili. Àwọn Potogí ló kọ́kọ́ mọ odi síbẹ̀ nígbà tí wọ́n fi ogun gba ìlú náà ní 1505. Àwọn Lárúbáwá Oman ló wá tún un kọ́ lẹ́yìn náà.

Bí a bá ń sọ ìtàn Kilwa fún àwọn ọmọ kéú wa, inú wa a máa dùn. A ó ní ìlú Mùsùlùmí ni, pé Ibn Battuta dé ibẹ̀ ní 1331, ó sì yin ẹwà ìlú àti ìlawọ́ ọba rẹ̀. Bí a bá dé orí 1505, a ó bú àwọn Potogí. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n ibẹ̀ la máa ń dákẹ́ sí.

A kì í sọ pé ní 1776, ọba Kilwa, Mùsùlùmí bíi tiwa, bá ará Faransé kan tó ń jẹ́ Morice ṣe àdéhùn láti máa ta 1,000 ẹrú fún un lọ́dọọdún.

Ǹjẹ́ ó yẹ kí á sọ ọ́? Àwọn kan ní yóò tàbùkù ẹ̀sìn. Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀. Ìkà kì í di ẹ̀sìn nítorí pé ẹlẹ́sìn ló hù ú. Nínú Suratun-Nisai, ẹsẹ 135, Ọlọ́run pa á láṣẹ kí á jẹ́rìí òdodo, ìbáà ta ko àwa fúnra wa, òbí wa àti ìbátan wa. Bí a bá fi í pamọ́, tí ọmọ wá kà á níbòmíràn, yóò pè wá ní onírọ́. Yóò sì máa ṣiyèméjì sí òtítọ́ tí a kọ́ ọ pàápàá.

Kí ó tó dórí ọba Kilwa, kí àwa olùkọ́ kéú bi ara wa: àwọn ọmọ tí a ń kó lọ sóko wa láìfún wọn ní nǹkan kan, kí ni a ń pe ìyẹn? Ẹni tí kò lè dáhùn, kó má tíì bú Potogí.

Kí Ọlọ́run fún wa ní ọkàn tó lè dá ara rẹ̀ lẹ́jọ́. Àmín.